Tọ́bò Ló Ń Kó Afẹ́fẹ́ Wá, Mánífóòdù Ló Ń Pín In

Lónìí, inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré la fẹ́ wọ̀. Ìbéèrè kan wà tí àwọn àbúrò tó fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ní tọ́bò, tí tọ́bò sì ń fi agídí ti afẹ́fẹ́ wọlé, kí ló tún kù tí mánífóòdù fẹ́ ṣe? Ṣebí páìpù lásán ni?"

Ìbéèrè gidi ni, torí owó wà lórí rẹ̀. Mánífóòdù tuntun tí wọ́n fi alumíníọ̀mù jó, tó ń dán yanran, kì í ṣe ohun owó pọ́ọ́kú, àwọn tó ń tà á á sì máa pariwo iye agbára ẹṣin tó máa fi kún ọkọ̀ yín. Iṣẹ́ máṣítà tí mò ń ṣe nínú físíìsì dá lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn nínú páìpù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn náà tààrà. Tọ́bò ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa pọ̀ tó. Mánífóòdù ló ń sọ ìgbà tó máa dé, àti bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí ìpín tirẹ̀ gbà. Ẹni tó bá wo ti àkọ́kọ́ nìkan lè sọ agbára nù níbi tó ti nílò rẹ̀ jù, ó sì lè jó písítìn mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ ṣí kálúkúlétọ̀ orí fóònù yín, ká jọ ṣírò.

Kí ni nǹkan náà gan-an?

Mánífóòdù méjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì. Èyí tí èéfín ń gbà jáde ni mánífóòdù èéfín. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni tiwa lónìí. Ó ní apá mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn rìbìtì tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ àkísíléétọ̀. Ìkejì ni àpótí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kóra jọ. Ìkẹta ni àwọn páìpù tó jáde lára àpótí náà, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan.

Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì kan pàtó: 4G63 ti ilé iṣẹ́ Mitsubishi ní Japan, èyí tí wọ́n lò nínú Lancer Evolution láti ọdún 1992 títí dé Evolution IX. Ẹni tó bá ti wo fíìmù 2 Fast 2 Furious ti ọdún 2003 ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, gbogbo inú wọn sì jẹ́ 1,997 cc, ká kúkú pè é ní lítà 2. Ìyẹn ni pé sílíńdà kan ń gba ìdajì lítà, bí ìgò kóòkì 50cl kan.

Ohun tí tọ́bò lè ṣe

Ẹ́ńjìnnì yìí ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Tó bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń mí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lítà 2 lọ́nà 50 jẹ́ lítà 100. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin tó ń dà wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo!

Tọ́bò kò lè mú kí inú sílíńdà fẹ̀ sí i. Lítà 100 náà ṣì ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí afẹ́fẹ́ inú lítà kọ̀ọ̀kan ki sí i. Ní ọjọ́ tí ìgbóná jẹ́ 30°C, tí ìfúnpá sì jẹ́ bar 1, afẹ́fẹ́ inú lítà kan wúwo tó gíráàmù 1.15. Tí tọ́bò bá sọ ìfúnpá di bar 2, ẹ lè rò pé ìwúwo náà á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Títẹ̀ tí tọ́bò tẹ afẹ́fẹ́ mú kó gbóná, ó lè gbóná tó 125°C kó tó jáde. Ní ìgbóná yẹn, lítà kan wúwo tó gíráàmù 1.75 péré. Ìdí nìyẹn tí intercooler fi wà, ìyẹn rédíétọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ lára. Tó bá mú un wálẹ̀ sí 45°C, lítà kan á di gíráàmù 2.19.

Afẹ́fẹ́ tó ki tó sì tutù dáadáa ti dé ẹnu mánífóòdù báyìí. Iṣẹ́ tọ́bò parí síbẹ̀.

Ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀

Nígbà tí fáàfù bá ṣí tí písítìn sì sáré lọ sísàlẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àpótí kì í gbọ́ nípa fífà yẹn lójú ẹsẹ̀. Ìròyìn náà gbọ́dọ̀ gba inú páìpù lọ gẹ́gẹ́ bí ìgbì, eré tí ohùn ń sá ni ìgbì náà sì ń sá. Tó bá dé ẹnu páìpù tó ṣí sínú àpótí, àpótí á dá a lóhùn: ìgbì fífà tó lọ á padà gẹ́gẹ́ bí ìgbì títì. Ó jọ gbohùngbohùn tó ń dá yín lóhùn láti ara òkè, àfi pé ohun tí òkè yìí ń dá padà jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹ sọ.

Ìgbì títì yìí ló wúlò fún wa. Fáàfù kì í pa dé gẹ́rẹ́ tí písítìn bá dé ìsàlẹ̀. Ó máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀ sí i bí písítìn ṣe ń padà bọ̀ lókè. Tí ìgbì bá dé lásìkò yẹn gan-an, á ti afẹ́fẹ́ kún sílíńdà kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó dà bí èrò tó sáré fò wọ danfo nígbà tí kọ́ńdọ́ ti fẹ́ fa ilẹ̀kùn. Tó bá pẹ́, ilẹ̀kùn ti tì. Tó bá yá jù, ìgbì náà á ti tún yíjú padà kí ilẹ̀kùn tó tì.

Gígùn páìpù ló ń pinnu àkókò yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní 45°C, ohùn ń sáré tó mítà 357 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní láti ìgbà tí písítìn fa afẹ́fẹ́ lágbára jù títí di ìgbà tí a fẹ́ kí ìgbì padà dé, kíráǹkì á ti yí ní dígírì 100. Bí wọ́n ṣe gé káàmù ló ń sọ iye dígírì yìí gan-an, ṣùgbọ́n 100 dára fún ìṣirò.

Ní ìyípo 4,000, dígírì 100 gba mílísẹ́kọ́ǹdì 4.17. Ìgbì á lọ, á sì bọ̀, nítorí náà a ó pín ọ̀nà rẹ̀ sí méjì: sẹ̀ǹtímítà 74.

Ní ìyípo 6,000, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.78 ló gbà: sẹ̀ǹtímítà 50.

Ní ìyípo 8,000, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.08 ló gbà: sẹ̀ǹtímítà 37.

A wọn gígùn yìí láti orí fáàfù dé inú àpótí, ọ̀nà tó wà nínú orí ẹ́ńjìnnì náà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mánífóòdù gidi kúrú ju báyìí lọ, torí wọ́n ń lo ìgbà kejì tàbí ìgbà kẹta tí ìgbì padà dé, ìyẹn tí agbára rẹ̀ ti dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà: páìpù gígùn ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ nígbà tó ń yí díẹ̀díẹ̀, páìpù kúkúrú ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń yí kíkankíkan. Páìpù kan kò lè sin ọ̀gá méjèèjì bákan náà.

Ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn gbangba ní ọdún 1960. Ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní 300F ní páìpù afẹ́fẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 76, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 375. Wọ́n tún ṣe irú kejì. Tí ẹ bá wò ó láti ìta, bákan náà ni. Nínú, wọ́n ti gé ògiri tó pín àwọn páìpù kúrò títí gígùn tó ń ṣiṣẹ́ fi di sẹ̀ǹtímítà 38. Agbára gòkè sí ẹṣin 400, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nísàlẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò ní tọ́bò, ìgbì nìkan ló ń lò.

Ṣé tọ́bò kò pa ìgbì yẹn ni?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, "Bar 2 ti wà nínú àpótí, kí ni ìgbì kékeré fẹ́ ṣe síbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí físíìsì sọ. Ìgbóná ló ń pinnu eré tí ohùn ń sá nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe ìfúnpá. Ní 30°C, mítà 349 ni. Ní 45°C, mítà 357. Ẹ fi tọ́bò tẹ afẹ́fẹ́ di bar 2 tàbí bar 3, tí ìgbóná kò bá ti yí padà, ìgbì á dé ní àkókò kan náà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ki sí i, ìgbì náà á lágbára sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ká ní ìgbì ń fi ìdá 5 nínú 100 kún afẹ́fẹ́ sílíńdà nígbà tí kò sí tọ́bò. Tí tọ́bò bá dé, ìdá 5 yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ìdá 5 nínú ohun tó pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Ọ̀nà kejì tún wà. Èéfín ló ń yí tọ́bò. Tí sílíńdà bá kún dáadáa ní ìyípo 3,000, èéfín á pọ̀, tọ́bò á sì tètè jí. Tí ẹ bá ti fi páìpù kúkúrú ba kíkún yẹn jẹ́, tọ́bò á pẹ́ lójú oorun. Páìpù tí kò yẹ á wá jẹ yín níyà lẹ́ẹ̀mejì.

Àpótí: ṣé bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó?

Àwọn tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì sábà máa ń jẹ́ kí inú àpótí jẹ́ ìlọ́po 1 sí 2 ti inú ẹ́ńjìnnì. Fún 4G63, ìyẹn lítà 2 sí 4. Àpótí ńlá máa ń jẹ́ kí ìfúnpá dúró déédéé nígbà tí sílíńdà kan bá bu tirẹ̀, kó má bàa gbà á mọ́ èyí tó kàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ̀rù pé àpótí ńlá á jẹ́ kí ọkọ̀ lọ́ra, torí ó gbọ́dọ̀ kún ná. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní ìyípo 3,000, ẹ́ńjìnnì yìí ń mu lítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fi lítà 1 kún àpótí, ohun tó máa gbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Tọ́bò fúnra rẹ̀ ló ń gba àkókò láti jí, pàápàá tó bá tóbi. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù àpótí bà yín.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìpín.

Nígbà tí ìpín kò bá dọ́gba

Afẹ́fẹ́ tó ń wọ àpótí láti ẹ̀gbẹ́ kan ń sáré gan-an. Bí ọ̀kadà tó ń bọ̀ pẹ̀lú eré kò ṣe lè ṣàdédé yà sí kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí máa ń kọjá ẹnu páìpù tó sún mọ́ throttle, á lọ forí sọ ògiri ìparí. Páìpù tó wà ní ìparí á gba jù, ti àkọ́kọ́ á gba kéré.

Brain box ọkọ̀ mọ àpapọ̀ afẹ́fẹ́ tó wọlé, kò mọ ti sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, iye epo kan náà ló sábà máa ń fún gbogbo wọn. Ká ní ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ 11.8 sí kílò epo 1. Mánífóòdù wá fún sílíńdà kẹrin ní ìdá 6 nínú 100 lé, ó sì dín ìdá 2 kù lára àwọn mẹ́ta yòókù. Sílíńdà kẹrin á máa jó ní 12.5, àwọn yòókù ní 11.6. Ohun tó ń wo èéfín nínú páìpù sàlẹ́ńsà ńkọ́? Ó ń rí gbogbo èéfín pọ̀, nítorí náà 11.8 ló máa kọ. Gbogbo rẹ̀ dára lójú kọ̀ǹpútà, sílíńdà kan sì wà nínú iná.

Sílíńdà tó ní afẹ́fẹ́ jù tí epo rẹ̀ kò tó yẹn ló máa kọ́kọ́ "nọ́ọ̀kì". Nílé wa, tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó túmọ̀ sí pé ó ti kú. Èyí tí mò ń sọ ni àrùn tó máa ń ṣáájú ikú náà: afẹ́fẹ́ àti epo tó wà ní kọ̀rọ̀ sílíńdà á gbiná fúnra wọn kí iná pulọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lábẹ́ tọ́bò, ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ etí písítìn tàbí kó dá ihò sí i lórí.

Nítorí náà, ẹ wo inú mánífóòdù kí ẹ tó wo bó ṣe ń dán. Ṣé àpótí náà ń fúnkì bó ṣe ń lọ sí ìparí, kí ìfúnpá lè dọ́gba? Ṣé ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan là bí ẹnu kàkàkí, kí afẹ́fẹ́ lè yà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́? Ẹnu tí wọ́n gé ṣánṣán máa ń da afẹ́fẹ́ rú. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì dè é mọ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìgbóná èéfín sílíńdà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Èyí tó bá funfun ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń ké gbàjarè.

Throttle àti ògiri

Throttle tó fẹ̀ mílímítà 70 fi ìdá 36 nínú 100 tóbi ju ti mílímítà 60 lọ. Ṣùgbọ́n tí páìpù tó ń bọ̀ láti intercooler bá jẹ́ 60, ẹ kàn ra ilẹ̀kùn ńlá fún ọ̀nà tóóró ni. Ọkọ̀ á sì máa fò síwájú bí ẹ bá fọwọ́ ẹsẹ̀ kan àkísíléétọ̀ lásán.

Ẹ má fojú kékeré wo ògiri àpótí náà. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì fẹ̀ tó 10, tọ́bò sì fi bar 1.5 ga ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ìwúwo tó ń ti ògiri yẹn jáde tó kílò 459, ìyẹn àpò ìrẹsì 50 kílò mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n jó o pọ̀ gbọ́dọ̀ gba èyí mọ́ra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ á wú, á sì sán. Mánífóòdù oníke tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò lè bẹ́.

Ó dáa, èwo ni kí á yàn?

Ẹ má bèèrè pé "èwo ló lágbára jù?" Ẹ bèèrè pé "ìyípo wo ni ẹ́ńjìnnì mi máa ń wà?"

Ẹni tó ń wa Evolution rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà láàárín 2,500 sí 6,500, kó fi mánífóòdù tó bá ọkọ̀ wá sílẹ̀ níbẹ̀. Kó náwó sí intercooler àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Àwọn tó ń sá eré rálì ńkọ́? Tommi Mäkinen, ọmọ Finland, fi Lancer Evolution gba ife àgbáyé awakọ̀ rálì ní ìgbà mẹ́rin tẹ̀ léra, láti ọdún 1996 dé 1999. Òfin FIA nígbà náà ní kí òrùka mílímítà 34 wà lẹ́nu tọ́bò wọn, gbogbo afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Òrùka yẹn ti fi òpin sí afẹ́fẹ́, nítorí náà kò sí èrè nínú kí ẹ́ńjìnnì máa yí lọ sókè gan-an. Agbára tó wà láàárín, tó lè fa ọkọ̀ jáde nínú kọ̀rọ̀ ẹlẹ́rẹ̀, ló ń gba ife. Páìpù gígùn ló bá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹni tó ń sá eré gbọnrangandan, tó ti gbé tọ́bò ńlá, tó ti pààrọ̀ káàmù, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 7,000 nígbà tó bá ń sáré, òun ni páìpù kúkúrú àti àpótí ńlá wà fún. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ìdáhùn wọn sì yàtọ̀.

Tí ẹni tó ń tà bá fi àwòrán agbára hàn yín, ẹ má wo orí òkè rẹ̀ nìkan. Ẹ fi ìka tọ ilà náà láti ìyípo 2,500 bọ̀ lókè, kí ẹ sì fi wé ti mánífóòdù àtijọ́. Ìyàtọ̀ tó bá wà níbi tí ẹ ti ń wakọ̀ gan-an ni ohun tí ẹ fẹ́ san owó fún.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ ṣírò gígùn páìpù fún ìyípo 7,000, pẹ̀lú dígírì 100 àti mítà 357. Tí ẹ bá rí ohun tó sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìyípo tí ẹ́ńjìnnì tiyín máa ń wà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.